Ọ̀kẹ́ Tí Ojú Kò Lè Rí: Ìdí Tí Ọṣẹ Fi Ń Bó Ọwọ́

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe ní Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn, fún àwọn ìyá tó ń ṣe ọṣẹ tà àti àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò kẹ́mísìrì)

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ wa, mo kí yín o. Kí n tó fọwọ́ kan pátákó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán ọṣẹ wò, kílò àdí kan àti 175 gíráàmù sódà (caustic soda) ni wọ́n ní kí n lò. Àdí wọ́n lọ́jọ́ náà, ni mo bá fi kílò epo pupa kan rọ́pò rẹ̀. Kílò ṣáà ni kílò, àbí? Ọṣẹ náà dì, ó sì dára lójú. Ìgbà tí mo fi fọ ṣẹ́ẹ̀tì méjì ni awọ àárín ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo àlùbọ́sà.

Sódà ò ṣẹ̀, epo ò ṣẹ̀. Èmi ni mo wọn nǹkan tí mi ò kà á.

Nínú kẹ́mísìrì, orí ni wọ́n ń kà. Mólékù epo kan, ìyẹn ẹyọ epo tó kéré jù, ń fẹ́ ẹyọ sódà mẹ́ta kó tó lè di ọṣẹ, kò gba méjì, kò sì gba mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jókòó máa ka ohun tí ojú kò lè rí? Àwọn baba wa ti bá irú wàhálà yìí pàdé nígbà owó ẹyọ. Wọ́n á sín 40 sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn á di ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá á di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ọlọ́jà tó bá sọ pé ọ̀kẹ́ mẹ́ta lòun fẹ́ kò tún ní máa ka ẹyọ sọ́wọ́ mọ́.

Ọ̀kẹ́ tí àwọn oníkẹ́mísìrì fi ń ka nǹkan ni móòlù. Tiẹ̀ kàn tóbi ju ti baba wa lọ ni: 602,214,076,000,000,000,000,000 ni ohun tó wà nínú móòlù kan, oṣù karùn-ún ọdún 2019 ni àwọn onímọ̀ àgbáyé sì fìdí nọ́ńbà náà múlẹ̀ pé kò gbọdọ̀ yẹ̀ mọ́. Avogadro, ará Ítálì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe nọ́ńbà yìí, kò mọ iye tó jẹ́ títí ó fi kú ní 1856. (Ẹ̀yin ọmọ tó ń bẹ̀rù nọ́ńbà, ẹ fọkàn balẹ̀.)

Ìwọ̀n ọ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan ló yàtọ̀. Ọ̀kẹ́ ẹ̀pà kò lè wúwo tó ọ̀kẹ́ àgbọn. Móòlù sódà kan jẹ́ 40 gíráàmù: 23 ti sodium, 16 ti oxygen, 1 ti hydrogen. Ẹni tó ń ṣe ọṣẹ olómi, tó ń lo potassium hydroxide dípò sódà, 56 gíráàmù ni yóò wọ̀n kí orí tó pé iye kan náà. Bó bá wọn 40 pẹ̀lú èrò pé ọ̀kan náà ni wọ́n, epo yóò ṣẹ́kù lójú ọṣẹ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àdí àti epo pupa wà. Mólékù àdí kéré ju ti epo pupa lọ, nítorí náà kílò àdí kan ní orí púpọ̀ ju kílò epo pupa kan. Kílò àdí ń jẹ nǹkan bíi 164 sí 181 gíráàmù sódà. Kílò epo pupa kò jẹ ju nǹkan bíi 135 sí 149 lọ. Èmi da 175 sí i. Bí epo mi tilẹ̀ jẹ èyí tó pọ̀ jù, gíráàmù 26 ṣẹ́kù tí kò rí epo bá lò, ìyẹn móòlù 0.65. Awọ ọwọ́ mi ló wá di epo rẹ̀.

Epo ni èròjà tó kọ́kọ́ tán. Ẹ̀yin ọmọ, èyí tó kọ́kọ́ tán ló ń sọ iye ọṣẹ tí a ó rí, kì í sì í ṣe èyí tó kéré jù níye ní dandan. Olóúnjẹ kan ní ẹyọ àmàlà 90 àti ìpọnbẹ̀ gbẹ̀gìrì 50. Àwo kan ń gba àmàlà méjì àti ìpọnbẹ̀ kan. Èwo ló máa kọ́kọ́ tán? Gbogbo ọmọ pariwo pé gbẹ̀gìrì. Àwọn ìyá rẹ́rìn-ín. Àwo 45 ni àmàlà máa tó, gbẹ̀gìrì márùn-ún á sì jókòó sínú ìkòkò.

Màmá kan dìde lẹ́yìn. “Ọmọ mi, bí sódà bá pọ̀ jù, ṣé tí mo bá bu omi sí i, kò ní rọ̀ ni?”

Ìbéèrè tó dáa jù lọ́jọ́ náà nìyẹn. Mo ní, “Màmá, ó máa rọ̀, àmọ́ kò ní dín.” Gíráàmù 175 sódà jẹ́ móòlù 4.375. Bí ẹ bá pò ó títí gbogbo rẹ̀ fi di àbọ̀ lítà, kíki rẹ̀ jẹ́ móòlù 8.75 nínú lítà kan. Ẹ bomi kún un títí ó fi di lítà kan, kíki náà já sí ìdajì, 4.375. Ṣùgbọ́n orí sódà ò dín lẹ́yọ kan. Bí ọbẹ̀ tó níyọ̀ jù ni: bí ẹ bomi sí i tí ẹ mu gbogbo ìkòkò tán, gbogbo iyọ̀ náà lẹ mu. (Sódà ni kí ẹ máa dà sínú omi o, ẹ má da omi lé sódà lórí, ó lè hó tà sójú. Ẹ sì dé ike rẹ̀ pa. Bó bá ń mu ọ̀rinrin títí ó fi ń ṣe omi wínníwínní, 40 gíráàmù tí ẹ wọ̀n kì í ṣe sódà nìkan mọ́.)

Màmá ò tíì jókòó. “Èmi máa ń da àbọ̀ kílò àdí pọ̀ mọ́ àbọ̀ kílò epo pupa. Mélòó ni tèmi?” Mo na ṣọ́ọ̀kì sí àwọn ọmọ, wọ́n ń wo ara wọn. Màmá ti ń ka ìka: ìdajì 164 jẹ́ 82, ìdajì 135 jẹ́ 67 àti àbọ̀. “Èyí tó kéré ni mo mú,” ló wí, “kó jẹ́ pé sódà ló máa kọ́kọ́ tán. Bíi 150, àbí?”

Mo kọ 149.5 sí pátákó.