Bí mo ṣe ń wọ ríngì lédíìsì máṣíìnì láì ṣẹ́ ẹ

Ẹ káàárọ̀ o, tàbí ẹ káalẹ́, ìgbà yòówù tẹ́ẹ bá ń wò ó. Àbẹ́òkúta la wà, ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Láfẹ́nwá, ẹ má bínú sí ariwo o, ọjọ́ ọjà lòní.

Ọ̀rọ̀ ríngì yìí ti sú mi, irin tín-ín-rín tó yí písítìnì ká, písítìnì tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì. Láti ìgbà tí mo ti ṣe fídíò kabúrétọ̀ lẹ ti ń bi mí, ọ̀gá, mo ra ríngì méjì mo ṣẹ́ méjèèjì. Ẹnì kan ní òun ṣẹ́ mẹ́rin láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Mẹ́rin! Ṣé ríngì lo fẹ́ wọ̀ ni àbí igi ìdáná lò ń ṣẹ́?

Lédíìsì tó wà níwájú mi yìí, máṣíìnì kékeré táwọn obìnrin máa ń gùn, ti ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ni. Tú-sítóòkù ni, àwọn tí ọ́ìlì wọn ń bá epo jó. Wọ́n ní tí àwọn bá ti di ẹrù sẹ́yìn ẹ̀ kì í lè gun òkè mọ́, bẹ́ẹ̀ ìlú tiwa yìí, ibo ni kò sí òkè? Mo ti tú u sílẹ̀, mi ò ní ṣàlàyé ìyẹn, ẹni tí ò bá tíì lè tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin orí tọ́ọ̀pù, ìdérí ẹ́ńjìnnì, kó má tíì dé ìdí ríngì.

Àkísà! Ẹ ki àkísà tó mọ́ bọ ẹnu ihò ẹ́ńjìnnì tó wà lábẹ́ písítìnì yẹn kẹ́ẹ tó fọwọ́ kan kílíìpù, wáyà kékeré tó ń di irin tó gba inú písítìnì kọjá mú. Tí kílíìpù bá já sínú ibẹ̀ ẹ máa tú odindi ẹ́ńjìnnì nítorí ohun tí ò tó èékánná ọmọdé.

Ríngì àtijọ́ tẹ́ẹ yọ ńkọ́? Ẹ ṣẹ́ ẹ. Ìyẹn nìkan ni mo gbà kẹ́ẹ ṣẹ́. Ẹ wá fi etí ẹ̀ ha kábọ̀n, ẹ̀gbin dúdú tó wà nínú kòtò písítìnì tí ríngì ń jókòó sí, torí òun gan-an ló bá kòtò náà mu. Dúdú yẹn ni kẹ́ẹ ha o, ẹ má ha písítìnì fúnra ẹ̀. Tí kábọ̀n bá ṣẹ́kù síbẹ̀ ríngì tuntun ò ní jókòó délẹ̀, tẹ́ẹ bá wá ń ti bọ́ọ̀rù, ilé tí písítìnì ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ̀, bọ̀ ọ́, kàú, ó ti lọ.

Kẹ́ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ ki ríngì nìkan bọ inú bọ́ọ̀rù, ẹ fi orí písítìnì tì í kó tẹ́ dọ́gba, ẹ wo àlàfo ẹnu ẹ̀. Fún ẹ́ńjìnnì kékeré báyìí, 0.15 sí 0.35 mílímítà ló sábà máa ń jẹ́, ìwé máṣíìnì yín ló máa sọ ọ́ gan-an. Èmi fi fílà géèjì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, wọ̀n ọ́n, 0.25, ó dáa. Tí ẹnu méjèèjì bá ti ń kan ara wọn nígbà tó tutù, tó bá gbóná tó wú, ibo ló fẹ́ sún sí?

Ó yá, ibi tẹ́ẹ torí ẹ̀ wá rè é. Ríngì yìí kò mọ títẹ̀, ṣíṣẹ́ ló mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń fi síkúrúdiráfà ya ẹnu ẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ̀ ń bú ẹni tó ta á fún yín. Ẹ wo tèmi. Agolo mínírà tí mo mu lánàá, mo fi sísọ́ọ̀sì gé e sí tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta, kò fẹ̀ ju ìka kan lọ, mo fi sándípépà pa etí ẹ̀ kó má bàa ge ọwọ́. Mo tò wọ́n yí písítìnì ká. Mo wá fi àtàǹpàkò méjèèjì ya ẹnu ríngì, díẹ̀ ni o, kó ṣáà fi bíńtín fẹ̀ ju písítìnì lọ, ó dẹ̀ ń yọ̀ lórí agolo yẹn bọ̀ wálẹ̀, kò há sí kòtò òkè, kò fara ha ibì kankan. Ó dé kòtò, mo fa agolo yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣẹ́ẹ gbọ́ kàú kankan?

Ti ìsàlẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ wọ̀, ti òkè kàn án. Ẹ má yí i bí okùn, kẹ́ẹ fi ẹnu kan sílẹ̀ kẹ́ẹ mú ìkejì lọ sókè, ìyẹn náà ń ṣẹ́ ẹ. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí etí ẹnu ẹ̀, òkè ló ń kọjú sí. Ẹ má sì pààrọ̀ àyè wọn, torí lórí písítìnì míì méjèèjì ò rí bákan náà.

Ẹ sún mọ́bí. Ṣẹ́ẹ rí píìnì wínníwínní inú kòtò yìí? Òun ni kì í jẹ́ kí ríngì yí, kí ẹnu ẹ̀ má bàa lọ kọ́ sí ihò tó wà lára bọ́ọ̀rù. Ẹnu ríngì méjèèjì gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ píìnì yìí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ọmọ iṣẹ́ mi fi ẹnu ríngì lé e lórí lọ́dún tó kọjá, ó jẹ láfún tán, kò fọwọ́ dáadáa, ó ní ó ń yọ̀. Ríngì ṣẹ́, láfún dẹ̀ dá.

Ẹ ta ọ́ìlì sí i, ẹ da písítìnì padà, ọfà orí ẹ̀ kọjú sí sàlẹ́ǹsà, kílíìpù tuntun, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Igi pẹlẹbẹ méjì lábẹ́ písítìnì kó má mì. Ọmọ iṣẹ́, di bọ́ọ̀rù mú. Èmi fi ìka fún ríngì pa, òun ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ti òkè wọlé, ti ìsàlẹ̀ wọlé. Tó bá há, ẹ gbé e sókè padà kẹ́ẹ wò ó, ẹ má yí bọ́ọ̀rù sọ́tùn-ún sósì, ẹ má dẹ̀ mú hámà. Mo tún rí ẹnì kan tó ń fi ìdí síkúrúdiráfà gbá a. Ọlọ́run ń wò yín.

Ẹ yọ igi, ẹ yọ àkísà kẹ́ẹ tó sọ̀ ọ́ kanlẹ̀, ẹ dé tọ́ọ̀pù, ẹ fún nọ́ọ̀tì pa ní kọ̀rọ̀-sí-kọ̀rọ̀, ẹ fún ọ̀kan, kẹ́ẹ bọ́ sí èyí tó dojú kọ ọ́.

Ó ta! Èéfín yẹn, ọ́ìlì tá a ta sí i ló ń jó, á dá. Táǹkì kan àkọ́kọ́, ẹ rọra gùn ún. Ìyá aláàdìrẹ ló ń pè yìí, ẹ jẹ́ n gbé máṣíìnì lọ fún wọn kí wọ́n tó máa fi oríkì bú mi.