Ẹsẹ̀ Bàtà Kan Lára Plọ́ọ̀tì Kọ̀ọ̀kan

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn onílé àti ayálégbé sọ nípa ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ láàárín plọ́ọ̀tì, níbi ìpàdé àdúgbò kan n'Ìkòròdú, ni mo tún kọ sílẹ̀ yìí, nítorí àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn, mo rí yín, ẹ ṣeun.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n ya ilẹ̀ sí ojúlé àti ojú ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó da búlọ́ọ̀kù síbẹ̀. Iṣẹ́ yìí ti sọ mí di ẹni tí kì í rin àdúgbò kan kọjá láìka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Láìpẹ́ yìí ni mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan nínú ẹsítéètì kan níhà Ìgbògbò. A jókòó sẹ́yìnkùlé, a sì ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń kàwé sókè lódì kejì ògiri. Ọmọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lára wọn. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé báwo lọmọ náà ṣe ń dé ilé ìwé. Wọ́n ní kèké ló ń gbé e, lówùúrọ̀ àti lọ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ náà kò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Mo dìde, mo lọ rìn ín. Ká ní ilẹ̀kùn wà lára ògiri yẹn ni, ìrìn náà kì bá tó ìṣísẹ̀ 200. Ṣùgbọ́n mo ní láti gba géètì jáde, kí n yí ògiri po, kí n bọ́ sí títì, kí n tó tún yà wọlé lápá kejì. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, ohun tí mo kà ti lé ní 2,000. Ọmọ ọdún méje lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ìṣísẹ̀ 200. Kò sí ìyá tó máa ní kó rin 2,000 létí títì tí tírélà ń gbà.

Ẹ wá gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ pé ará Èkó ti ya ọ̀lẹ, wọn ò lè rìn mọ́. N kò gbà. Àwọn tó ya ilẹ̀ ló ti gba ìrìn lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó kó dé.

Àwọn baba wa mọ bí a ṣe ń la ìlú kí ẹsẹ̀ lè rìn ín dáadáa. Ẹ wo ìlú Yorùbá àtijọ́ èyíkéyìí: ààfin wà láàárín, ọjà ọba wà níwájú rẹ̀, ọ̀nà sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọjà lọ sí ẹnu ibodè gbogbo. Láàárín agbo ilé sí agbo ilé, ọ̀nà tóóró wà tí èèyàn ń gbà kọjá, tí á sì máa kí wọn bó ṣe ń lọ. Tí a bá ní “ọ̀nà kan ò wọjà,” ọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ajé la fi ń pa lóde òní, ṣùgbọ́n etí mi máa ń gbọ́ ohùn ẹni tó la ìlú nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ní àárín Ìkòròdú àtijọ́, nítòsí ààfin Ayangbúrẹn, ṣì lè fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà, kó lọ sí mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, kó sì padà sílé kí ọbẹ̀ tó hó. Ẹni tó ra ilẹ̀ tuntun pẹ̀lú owó ńlá ní ẹ̀yìn ìlú, iyọ̀ lásán ló ń wá lọ tó fi ń dúró de ọ̀kadà.

Kí ló fà á? Ìdílé kan á ta tirẹ̀, á pe awọnlẹ̀ tirẹ̀, wọ́n á fa ọ̀nà dé ààlà wọn, ó parí. Ìdílé kejì á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó wù wọ́n. Ọ̀nà méjèèjì kò ní pàdé láéláé. Tí ilé bá ti kún tán, ìbẹ̀rù olè á mú kí wọ́n mọ ògiri yí i ká, wọ́n á fi géètì kan ṣoṣo síbẹ̀. Ọ̀nà kan ló wá wọ gbogbo rẹ̀.

Ní 1929, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Clarence Perry gbé èrò kan kalẹ̀ ní New York. Ó ní kí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe ìdodo àdúgbò, kí ilé gbogbo wà láàárín ìdámẹ́rin máìlì sí i, kí ìsọ̀ wà ní igun rẹ̀, kí títì ńlá sì máa gba ẹ̀gbẹ́ kọjá dípò àárín. Ìdámẹ́rin máìlì yẹn jẹ́ nǹkan bíi 400 mítà. Ẹni tó bá rọra ń rìn ń rin bíi kìlómítà 5 ní wákàtí kan, nítorí náà kò ní ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èrò yìí ní yunifásítì, ojú ọjà ọba ló sọ sí mi lọ́kàn.

Ìlú tí mo máa ń fi wé tiwa ni Reston, ní Virginia l'Amẹ́ríkà. Bó ṣe jìnnà sí Washington fara jọ bí àwa náà ṣe jìnnà sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Robert E. Simon ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1964. Ó pín in sí ìletò ìletò, ó sì ní kí kálukú ní ìsọ̀ tirẹ̀. Ní ti àkọ́kọ́, létí adágún tí wọ́n ń pè ní Lake Anne, ìsọ̀ wà nísàlẹ̀, ilé ìgbé wà lókè rẹ̀. Ó la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gba àárín igi, ó sì gbẹ́ ọ̀nà gba abẹ́ títì. Àwọn tó kọ́ ìletò tó tẹ̀ lé e kò fi gbogbo ara tẹ̀ lé èrò náà, ibi ìgbọ́kọ̀sí ló gba iwájú ìsọ̀ wọn. Síbẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé etí ìlú náà ní 2014, lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti wà nílẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Tiwa yàtọ̀. Oṣù Kọkànlá 2015 ni ọ̀nà BRT, ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì ńlá, láti Mile 12 dé Ìkòròdú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kìlómítà 13.5. Mo yọ̀ sí i, mo sì ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá dé kí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó dé. Tí o bá sọ̀ kalẹ̀ ní Agric tàbí Ògolóńtò, ìrìn tó kù dé ilé ló ń gbọ́n owó lápò rẹ. Títí di oṣù Karùn-ún 2023, lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà ní ilé epo. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́, ó ti lé ní 480. Àwọn tí kèké ń gbé wọlé ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò, torí mo mọ̀ pé ohun tí ẹ̀yin onílé ń rò ni pé ilẹ̀ wọ́n. Plọ́ọ̀tì tí a sábà ń tà níbí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní 120. Tí mẹ́wàá bá tò pọ̀, ó di ẹsẹ̀ bàtà 600, bíi mítà 183. Ogún plọ́ọ̀tì tò láìsí àlàfo, ó ti lé ní mítà 360 tí èèyàn kò lè yà sápá kankan. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé lẹ́yìn plọ́ọ̀tì mẹ́wàá mẹ́wàá, ká fi ẹsẹ̀ bàtà 10 sílẹ̀ fún ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Níbo la ó ti rí 10 náà? Kí plọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan fi ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ lára fífẹ̀ rẹ̀, kó di 59. Gbogbo ohun tí ogún plọ́ọ̀tì tó kẹ̀yìn síra wọn jọ máa pàdánù kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta plọ́ọ̀tì kan. Mo ti rí onílé tó sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nù sábẹ́ ìkòkò òdòdó.

Ní ti olè, n kò fojú kéré ìbẹ̀rù yín. Ẹ fi ilẹ̀kùn kékeré sẹ́nu ọ̀nà náà, kí ọdẹ ṣí i láago márùn-ún ìdájí, kó tì í láago mẹ́wàá alẹ́. Ẹ ri òpó kọ́ńkéré mọ́lẹ̀ kí mọ́tò má lè gbà á. Ọ̀kadà lè fẹ́ yọ́ gbà á. Iṣẹ́ ọdẹ nìyẹn. Ọ̀nà tí alákàrà wà, tí ọmọ ilé ìwé ń gbà, tí bàbá àgbà ń jókòó sí, ojú pọ̀ níbẹ̀ ju ògiri lọ.

Ẹ sì yọ òfin “a ò fẹ́ ìsọ̀” kúrò nínú ìwé ẹsítéètì yín. Ẹ jẹ́ kí ìkòríta ní kẹ́místì, oníbúrẹ́dì, télọ̀. Ẹ bo gọ́tà ní siláàbù, kó fẹ̀ tó mítà kan àti àbọ̀ ó kéré tán, kí alárùn ẹsẹ̀ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè gbà á. Ẹ gbin dóńgóyárò tàbí igi fúrúùtù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Oòrùn oṣù Kejì kì í jẹ́ kí arúgbó rìn dé ìkòríta, bí ọ̀nà náà ṣe wù kó dán tó.

Àwọn ẹ̀yà ilẹ̀ tó kù níhà Ìmọ́tà àti Ìjẹ̀dẹ́ ni wọ́n ń yà sórí ìwé lọ́wọ́ báyìí. Tí òkúta ààlà bá ti wọlẹ̀, tí ìwé ti wà lọ́wọ́ oníkálùkù, ẹ óò na owó kí ẹ tó gba ẹsẹ̀ bàtà kan padà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lónìí, àtúnṣe náà kò ju pẹ́ńsù àti rọ́bà lọ.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ìyá kan dìde. Wọ́n ní ẹsítéètì àwọn ti kún tán, ògiri ti wà láti ọdún pípẹ́, ṣé ọ̀rọ̀ mi kan àwọn? Mo bi wọ́n pé ṣé plọ́ọ̀tì kan tí kò tíì ní ilé, tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà kọjá, wà létí ògiri náà. Wọ́n ní méjì wà, àwọn sì mọ ẹni tó ni ín. A ti fi Sátidé tó ń bọ̀ sí i, láago méje àárọ̀. Èmi á mú téèpù wá, àwọn á mú onílẹ̀ náà wá.