Iná Ti Dé, Dátábéèsì Ń Kọ́?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ Òkun àti ẹ̀yin àlejò wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí dátà iléeṣẹ́ ń gbé, ní Kabba, Mopa tàbí Ìsánlú mọ ìwà iná ọba jù mí lọ. Ó lọ lóru, ínfátà gbé e títí bátìrì fi tán, sáfà kú. Ó padà dé ní ìdájí, kò sì sẹ́ni tó máa dìde lọ tẹ bọ́tìnì. BIOS, ètò tó ń kọ́kọ́ jí nínú ẹ̀rọ kí Linux tó dìde, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ibẹ̀ lẹ ti máa sọ fún ẹ̀rọ pé kó tan ara rẹ̀ bí iná bá dé.

Lórí Linux tó ń lo systemd, ètò tó ń gbé àwọn iṣẹ́ inú ẹ̀rọ dìde, `systemctl enable postgresql` ló ń mú kí PostgreSQL, dátábéèsì tí à ń sọ níbí, máa bá ẹ̀rọ dìde. `start` ń gbé e dìde lẹ́ẹ̀kan yẹn nìkan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń dúró sí, a ó ní iṣẹ́ ti parí. Iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀, torí PostgreSQL gbára lé díìsìkì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, áàpù tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò sì gbára lé òun náà.

Ohun méjì ni systemd yà sọ́tọ̀ nínú fáìlì tí a fi ń ṣètò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. `After=` ń sọ ẹni tó máa ṣáájú; `Requires=` ń sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ wà. Bí wọ́n bá ní ẹ̀yìn onílù ni ìyàwó yóò wọlé, wọn ò tíì ní ká lọ pe onílù. Bí onílù ò bá wá, ìyàwó á wọlé láìsí ìlù. Bí ẹ bá sì kọ `Requires=` láìkọ `After=`, àwọn méjèèjì á jọ ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ẹ kọ méjèèjì. Fún áàpù tó lè tún dátábéèsì wá fúnra rẹ̀ bí okùn bá já, `Wants=`, tó ń pe dátábéèsì láìfi ṣe dandan, ló wù mí jù, torí `Requires=` á pa áàpù bí ẹ bá ti dá dátábéèsì dúró.

Ọ̀rọ̀ díìsìkì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ká ní dátà yín wà lórí díìsìkì ọ̀tọ̀ ní /data, tí ẹ sì kọ `nofail` sí fstab, àkọsílẹ̀ àwọn díìsìkì tí ẹ̀rọ máa so mọ́ra. Bí díìsìkì náà kò bá jí, ẹ̀rọ á máa bá tirẹ̀ lọ, /data á sì ṣófo. Bó bá jẹ́ inú Docker, ètò tó ń fi áàpù sínú àpótí tirẹ̀, ni PostgreSQL yín wà, á rí fódà òfìfo yìí, á sì dá dátábéèsì tuntun síbẹ̀ láì bi ẹnikẹ́ni. Ẹ ó rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, ẹ ò sì ní bá orúkọ oníbàárà kankan nínú rẹ̀! `RequiresMountsFor=/data`, tó ń ní kí díìsìkì /data ti wà ní sísomọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ló ń dènà èyí; bó bá jẹ́ Docker, fáìlì ètò Docker fúnra rẹ̀ lẹ máa kọ ọ́ sí.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò le tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní kí PostgreSQL máa gbọ́ lórí àdírẹ́sì IP kan pàtó, `network-online.target` ni kó dúró dè, kì í ṣe `network.target`, torí èyí kejì kì í dúró kí àdírẹ́sì tó dé.

Ẹni tó jí lè má tíì ṣe tán láti gbàlejò. Lẹ́yìn tí iná bá já lójijì, PostgreSQL á kọ́kọ́ ka WAL, níbi tó ti kọ gbogbo àyípadà sílẹ̀, kó lè tún ara rẹ̀ tò. Ìyẹn lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí ẹ ò bá sì yí i padà, 90 ìṣẹ́jú-àáyá ni systemd máa ń dúró, lẹ́yìn náà á pa á lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ kọ `TimeoutSec=infinity` sí fáìlì ètò PostgreSQL, kó máa dúró títí. Ní ti áàpù, `Restart=on-failure`, tó ń tún un gbé dìde bó bá kú, nìkan kò tó: láàárín ìgbìyànjú kan sí èkejì, 0.1 ìṣẹ́jú-àáyá péré ni systemd ń dúró, bí ìgbìyànjú bá sì ti pé 5 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10, ó parí nìyẹn. Áàpù á ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀ kí dátábéèsì tó ka WAL tán. `RestartSec=5`, tó ń ní kó dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 kó tó tún gbìyànjú, á yanjú ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa sáfà, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ fi `pg_isready`, àṣẹ tó ń sọ bóyá dátábéèsì ti ṣe tán láti gbàlejò, wò ó, láì fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Ọ̀sán Sátidé ni kí ẹ ṣe é o, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ń sanwó oṣù.