Ẹ́ńjìnnì wo ló yẹ ọkọ̀ eré-ìje tí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara wọn kọ́?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá wọn wá. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn dénú, ẹ jẹ́ kí n tètè wọ inú rẹ̀.

Ìdíje tí wọ́n ń pè ní Formula SAE bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ní Yunifásítì Texas tó wà ní ìlú Austin. Lọ́dún 1998 ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ tí wọ́n sì fún un níbẹ̀ ni Formula Student. Lónìí wọ́n ń ṣe é ní Ọsirélíà, Jámánì, Japan, Brazil àti ibòmíràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ya àwòrán ọkọ̀ náà, àwọn ló ń jó irin rẹ̀, àwọn náà ló ń wà á. Máàkì 1,000 ló wà nílẹ̀ fún gbogbo ìdíje náà.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń bi mí ni pé, “Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì wo ló lágbára jù?” Òfin ìdíje ti dá wọn lóhùn kí n tó lanu. Ẹ́ńjìnnì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ onípísítìnì, oní-sítúróòkù mẹ́rin, kò sì gbọdọ̀ ju 710 cc lọ. 610 cc ni òpin rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù ni pé gbogbo afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì bá máa fà sínú gbọ́dọ̀ gba ojú ihò róbótó kan ṣoṣo tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà 20 lọ. Tó bá jẹ́ epo E85 lẹ ń lò, èyí tí ẹ̀tánọ́ọ̀lù pọ̀ nínú rẹ̀, mìlímítà 19 ni. Restrictor ni wọ́n ń pe ihò yìí.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbi ihò yìí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí písítìnì bá ṣe ń fa afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń sáré sí i nínú ọrùn ihò náà. Tí eré rẹ̀ bá ti bá eré ìró dọ́gba, ó tán. Kí ẹ́ńjìnnì máa fà á títí di ọ̀la, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kò ní fi gíráàmù kan lé sí i. Tí a bá ṣírò rẹ̀ fún mìlímítà 20, ní etí òkun, níbi tí afẹ́fẹ́ kò gbóná ju ìwọ̀n 20 ti Celsius lọ, òpin náà jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 75 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lórí ìwé nìyẹn o. Nínú iṣẹ́ gan-an, ó máa ń dín díẹ̀.

Gíráàmù 75 yìí ló ń sọ bí agbára yóò ṣe tó. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan máa ń fi gíráàmù bẹntiróòlù kan po gíráàmù afẹ́fẹ́ bíi 13. Ìyẹn ni pé bẹntiróòlù tí ẹ lè jó kò tó gíráàmù mẹ́fà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ooru tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kílówáàtì 250, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá mẹ́rin rẹ̀ péré ló ń di agbára lórí kíránkì, irin tí písítìnì ń yí. Èyí tó kù ń bá èéfín àti rédíétọ̀ lọ. Ó kù nǹkan bíi kílówáàtì 63, tàbí agbára ẹṣin 85. Honda CBR600RR, tó ń mú ju agbára ẹṣin 100 lọ dáadáa lórí alùpùpù tirẹ̀, òpin yìí kan náà ló máa bá pàdé. Ẹni tó bá gbé 710 cc síbẹ̀ náà yóò bá a pàdé, yóò kàn tètè bá a ni.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹ́ńjìnnì 600 cc ń fa 600 cc afẹ́fẹ́ ní gbogbo ìyípo méjì. Tó bá ti ń yí ìgbà 12,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí sìlíńdà rẹ̀ sì ń kún dáadáa, gíráàmù 75 ló ń béèrè. Kò sídìí láti máa lé e kọjá ibẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ tó bá lo CBR600, Yamaha R6 tàbí Suzuki GSX-R600 fi ń sapá kí agbára pọ̀ ní ìsàlẹ̀ àti ní àárín, nítorí ojú ọ̀nà ìdíje náà kún fún kọ́nà, awakọ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ débi tí ẹ́ńjìnnì ti ń han. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Cornell gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n fi túbò, ẹ̀rọ tí èéfín ń yí kó lè máa ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, sórí Honda 600 fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òfin ní kí túbò wà lẹ́yìn ihò náà, nítorí náà kò lè fi kún òpin tí mo sọ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì débẹ̀ láìtíì yí púpọ̀. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ pọ̀, páìpù rẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ jọjọ.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n yí ìbéèrè náà padà. Wọ́n ní, bí ihò yìí bá ti dí gbogbo wa lọ́wọ́, kí ló dé tí a fi ń ru irin kiri? Ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà kan ti 450 cc fúyẹ́ ju onísìlíńdà mẹ́rin lọ, ìyàtọ̀ wọn lè tó kílò 25 sí 30. Yunifásítì RMIT ní Melbourne, ní Ọsirélíà, wà lára àwọn tó fi ọ̀nà yìí di olókìkí. Lẹ́yìn náà ni Global Formula Racing dé, àjọṣe láàárín Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oregon àti DHBW Ravensburg ní Jámánì. Honda CRF450 onísìlíńdà kan ni wọ́n fi bọ́ sí iwájú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ní agbára ẹṣin jù wọ́n lọ. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ ń yá ní kọ́nà, ó ń tètè dúró, kì í sì í jẹ táyà.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń ṣi ẹ́ńjìnnì kékeré yìí gbọ́. Tó bá ń yí ìgbà 9,000, gíráàmù 40 péré ló nílò, kò sì tó òpin ihò náà rárá. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń fa afẹ́fẹ́ nínú ìyípo méjì, láàárín nǹkan bí ìdá mẹ́rin àkókò náà. Ní ìgbà tó bá ń fà á gan-an, ó fẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 160 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ihò náà kò sì ní gbà fún un. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ sáàárín ihò náà àti ẹ́ńjìnnì, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọ inú àgbá náà lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nígbà tí fáàfù wà ní títì. Tí àgbá yìí bá kéré jù, agbára sọnù. Tó bá tóbi jù, awakọ̀ á tẹ tọ́tù, ẹ́ńjìnnì á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rò ó. Kò sí ìwé tó lè fún yín ní ìwọ̀n tó bá ẹ́ńjìnnì yín mu; ẹ ṣe méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ dán wọn wò.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló kàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí mi dáadáa níbí, nítorí ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì púpọ̀ ń kú sí. Alùpùpù ni wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí fún. Alùpùpù máa ń tẹ̀ tó bá ń yà ní kọ́nà, ọ́ìlì á sì jókòó sí ìsàlẹ̀ sọ́ǹpù, agbada ọ́ìlì tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, bó ṣe yẹ. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kì í tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní kọ́nà, ọ́ìlì á rọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, páǹpù á fa afẹ́fẹ́ dípò ọ́ìlì, bíárìn á gbẹ, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ. Ẹ jó àwo irin sínú sọ́ǹpù kí ọ́ìlì má lè sáré kiri, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń ka ìfúnpá ọ́ìlì síbẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí brain box, kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì, pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ tí ìfúnpá bá já. Ibi tí ẹ ti lè dán an wò ni òbìrípo skid pad, tí ìwọ̀n inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì jẹ́ mítà 15.25. Ẹ yí i sọ́tùn-ún, ẹ yí i sósì, kí ẹ máa wo ìfúnpá náà.

Brain box tó bá alùpùpù wá kì í sábà wúlò mọ́, torí ó ń retí àwọn sẹ́ńsọ̀ tí ẹ ti yọ kúrò. MoTeC, Haltech àti MegaSquirt wà lára èyí tí àwọn ẹgbẹ́ ń lò. Ẹ kọ́kọ́ tún epo ṣe ná, pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ lambda nínú páìpù èéfín, èyí tó ń sọ bóyá epo pọ̀ jù tàbí ó kéré jù, kí ẹ tó fọwọ́ kan àkókò tí plọ́ọ̀gì ń ṣáná. Ẹ sún iná plọ́ọ̀gì síwájú díẹ̀díẹ̀. Níbi tí agbára kò bá ti pọ̀ sí i mọ́, ẹ dúró. Ariwo náà ní òfin tirẹ̀, 110 dBC ni òpin rẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe fi sailẹ́ńsà sílẹ̀ di ọjọ́ ìkẹyìn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti gbọ́ nípa Yunifásítì Melbourne tó kọ́ ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà méjì tirẹ̀. Mo bọlá fún wọn gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹ wo máàkì. Nínú òfin ti Amẹ́ríkà, eré gígùn oní-kìlómítà 22 ní máàkì 275, lílo epo ní ọgbọ́n sì ní 100. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kú sójú ọ̀nà kì í rí èkejì yìí gbà rárá. Eré mítà 75, níbi tí agbára ẹ́ńjìnnì ti ń hàn jù, 100 ni gbogbo tirẹ̀. Èmi ò ní gba ẹgbẹ́ tuntun nímọ̀ràn láti fi 375 wá ìdá díẹ̀ nínú 100.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ dé ibí, akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, ó ní, “Ọ̀gá, a ò ní 600 cc kankan lọ́wọ́. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?” Mo ní kí wọ́n wá ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà 150 cc kan. Onísìlíńdà kan ni, oní-sítúróòkù mẹ́rin ni, ó sì pọ̀ nígboro. Ẹ yọ kábúrẹ́tọ̀ rẹ̀, ẹ fi nọ́sùlù, sẹ́ńsọ̀ kíránkì àti brain box tí ẹ lè fọwọ́ ara yín kọ iṣẹ́ sí rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì pe rẹ́wáyà kan tó mọ iṣẹ́ kó jókòó tì yín. Ẹ jẹ́ kó dúró sórí tábìlì irin, kó máa ṣiṣẹ́ láìkú láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ó tún béèrè pé tí owó bá wá dé ńkọ́? Mo ní kí wọ́n ra CBR600RR tòkunbọ̀ méjì tó jẹ́ ọdún kan náà: ọ̀kan fún inú ọkọ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ tí ti inú ọkọ̀ bá nọ́ọ̀kì.