Èyí Tó Bọ́ Lánàá Kò Dí Ti Òní

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jí wa ire. Ìwọ tí nǹkan bọ́ mọ́ lọ́wọ́ lánàá, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí.

Ní oṣù Keje ọdún 2025, ní ìlú Batumi ní orílẹ̀-èdè Georgia, Divya Deshmukh, ọmọ ọdún 19 láti Nagpur ní Íńdíà, dé àṣekágbá Ife Àgbáyé àwọn obìnrin nínú chess, eré orí pátákó tí ẹni méjì máa ń fi ọgbọ́n ta. Humpy Koneru ló bá pàdé níbẹ̀, ọmọ Íńdíà bíi tirẹ̀, tó ti di Grandmaster, oyè ńlá àwọn ọ̀jáfáfá nínú chess, láti ọdún 2002, nígbà tí wọn kò tíì bí Divya. Ẹni tó bá fẹ́ oyè yẹn sábà máa ń wá norm mẹ́ta, ìyẹn ẹ̀rí pé ó ta bíi Grandmaster nínú ìdíje, kí máàkì tí wọ́n fi ń díwọ̀n agbára rẹ̀ sì tó 2500. Divya kò tíì ní norm kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ Sátidé, ní gémù àkọ́kọ́, ó ti ká Humpy mọ́ kọ̀rọ̀. Ọ̀nà ìṣẹ́gun wà níwájú rẹ̀, kò rí i. Wọ́n ta ọ̀mì. Ó padà wá jókòó lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀mì náà ni. Ọjọ́ Mọ́ńdè, eré tó yára ni wọ́n fi yanjú ẹ̀: wọ́n tún ta ọ̀mì kan, lẹ́yìn náà ni Divya fi àwọn ọmọ chess tó dúdú ta gémù kejì. Wọ́n sún ọmọ ju ìgbà àádọ́rin lọ, aago ń lé wọn, Humpy ṣìṣe, ó sì juwọ́ sílẹ̀. Divya fọwọ́ bojú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀; ìyá rẹ̀ ló lọ dì mọ́. Lójú ẹsẹ̀ ló di Grandmaster, nítorí òfin ìdíje náà fún ẹni tó gbégbá orókè ní oyè yẹn.

Àwọn kan ní oríire ni. Lóòótọ́, Ọlọ́run ló ń fún ni lóríire. Ṣùgbọ́n láti kékeré lọmọ yìí ti wà nídìí ẹ̀, ó sì ti gba ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ní 2024. Arábìnrin mi, arákùnrin mi, ká ní inú bí i lọ́jọ́ Sátidé kó má padà wá ńkọ́? Ìdánwò tó o ti fìdí rẹmi, iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbà ọ́ sí tí wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà, tún padà lọ jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Baba, ohun rere tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, má jẹ́ kó gba agbára òní lọ́wọ́ mi. Àmín.

Olúwa, là mí lójú kí n rí ọ̀nà tó wà níwájú mi. Àmín.

Ọlọ́run, àwọn òbí tó ń ná owó àti àkókò lórí ẹ̀bùn ọmọbìnrin wọn, jẹ́ kí wọ́n jèrè rẹ̀ lójú ayé wọn. Àmín.

Ẹni tó sì pàdánù lẹ́yìn tó ti sa gbogbo ipá rẹ̀, Baba, tù ú nínú, kí o sì fún un ní ìdíje mìíràn. Ní orúkọ Jésù. Àmín.