Rediffusion: Láti Iṣẹ́ Awakọ̀ Òfuurufú Dé Ọgbà Ìgbafẹ́ Disneyland

Àwọn àgbà Ìbàdàn mọ orúkọ Rediffusion dáadáa. Ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ náà tó ń ṣòwò lókè òkun ló bá ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn da owó pọ̀ tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959. Ẹ̀ka mìíràn nínú ẹbí ilé-iṣẹ́ kan náà, tó wà ní Crawley ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí.

Eré kọ́ ni iṣẹ́ wọn níbẹ̀rẹ̀. Simulator ni wọ́n ń ṣe, ẹ̀rọ tí awakọ̀ òfuurufú fi ń kọ́ṣẹ́ láì kúrò nílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, nígbà tí wọ́n ń jẹ́ Redifon, wọ́n ṣe ọ̀kan fún BOAC, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fún ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ tó ń jẹ́ Stratocruiser. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ mẹ́fà ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń dúró lé, jáàkì ńlá mẹ́fà tí ọ́ìlì ń tì. Ẹnjiníà kan, Gough, ló kọ́kọ́ lo ètò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà náà ní ilé-iṣẹ́ táyà Dunlop láti fi dán táyà wò. Ẹnjiníà mìíràn, Stewart, sì kọ̀wé lé irú rẹ̀ lórí ní 1965, orúkọ rẹ̀ ló wá mọ́ ọn lára.

Fún ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n ṣe irú simulator kan, yàrá tí èrò ń jókòó sí tí jáàkì sì ń mì, wọ́n pè é ní ATLAS. Ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 1987 ni Disneyland, ọgbà ìgbafẹ́ ní California, ṣí Star Tours, eré tó ń ṣe bí ìrìn-àjò nínú ọkọ̀ òfuurufú inú fíìmù Star Wars, pẹ̀lú mẹ́rin nínú yàrá yìí, 40 èèyàn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti ọgbà Disney ní Florida tẹ̀ lé e ní 1989 pẹ̀lú mẹ́fà.

Báwo ni yàrá tí kò kúrò lójú kan ṣe ń "sáré"? Bí ojú kò bá rí òde, etí inú kò mọ ìyàtọ̀ láàrin kí ọkọ̀ ki eré mọ́lẹ̀ àti kí àga dagun sẹ́yìn. Wọ́n á gbé iwájú yàrá sókè, ẹ̀yìn yín á tẹ àga, àwòrán á sì parí irọ́ náà. Dígírì 10 ti tó láti fún yín ní bí ìdá 17 nínú 100 agbára òòfà ilẹ̀. Àmọ́ bí ó bá yára dagun jù, ara á mọ̀ pé wọ́n kàn ń yí òun ni. Jáàkì náà kò gùn lọ títí. Lẹ́yìn gbogbo ìtì, ó gbọ́dọ̀ yọ́ padà sí àárín, kí ẹnikẹ́ni má fura, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á lọ kanlẹ̀ nígbà tí fíìmù bá tún bèèrè ìtì mìíràn.

Àkókò ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Fíìmù lásán ń gbé àwòrán 24 kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí yàrá bá fi àwòrán mẹ́fà pẹ́, ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá nìyẹn, èébì ló sì máa ń yọrí sí fún ẹlòmíràn. Ọ́ìlì fúnra rẹ̀ kì í tètè dáhùn, nítorí náà àṣẹ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ fáfù, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń darí ọ́ìlì, ṣáájú àwòrán. Ìdọ̀tí bíńtín nínú ọ́ìlì máa ń há fáfù, ẹsẹ̀ kan á máa ta kìjí. Afẹ́fẹ́ nínú ọ́ìlì sì máa ń sọ ìṣísẹ̀ di jẹ̀lẹ́ńkẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yẹ fílítà àti ìgbóná ọ́ìlì wò, tí wọ́n sì ń kọ́kọ́ gbé yàrá òfìfo yí lówùúrọ̀ kí èrò tó wọlé.

Hughes Aircraft ra ilé-iṣẹ́ náà ní 1988, lẹ́yìn náà ó bọ́ sọ́wọ́ Thomson-CSF ti ilẹ̀ Faransé, tó di Thales. Ní 2012, Thales ta apá simulator ọkọ̀ òfuurufú akérò fún L-3, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan. Disneyland ti fíìmù 1987 pa ní 2010, àmọ́ àwọn yàrá náà ni wọ́n tún lò ní 2011, pẹ̀lú àwòrán tuntun tí abala rẹ̀ lè tò tẹ̀lé ara ní ọ̀nà 54 nígbà náà. Kí abala kan tó lè tẹ̀ lé èyíkéyìí, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ parí síbi tí yàrá ti wà ní ọgbọọgba, torí náà ìṣísẹ̀ ti 1987 kò wúlò mọ́. Wọ́n ní láti kọ gbogbo rẹ̀ tuntun.