Télọ̀ tí ò ríṣẹ́ ṣe, ìjọba ní ó níṣẹ́ lọ́wọ́

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ sọ ní Ìjẹ̀bú-Òde nìyí, mo tò ó díẹ̀ káwọn tí ò ráyè wá lè rí i kà.)

Ẹ̀yin ọmọ Aláre, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀dọ̀ àwọn télọ̀ wa ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tí Iléyá bá ti ń súnmọ́, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí, régbérégbé yìí ti mú áńkárá, tọ̀hún ti mú léèsì, gbogbo wọn ló fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá, télọ̀ ò ní sùn, jẹnẹrétọ̀ á máa ké títí di ìdájí, ọmọ iṣẹ́ tó ń rán bọ́tìnnì á máa tòògbé lórí aṣọ oníbàárà. Tí ọdún bá ti lọ báyìí, ó parí. Ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kó jẹ́ pé sòkòtò kan péré tí wọ́n ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹ̀ ló wọlé.

Lójú National Bureau of Statistics, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò nípa ìlú, tí télọ̀ yẹn bá ti fi wákàtí kan ṣoṣo ṣiṣẹ́ owó lọ́sẹ̀ yẹn, ó níṣẹ́ lọ́wọ́. 2023 ni wọ́n mú òdiwọ̀n yìí jáde. Ní ìparí 2020 ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kà sí aláìníṣẹ́, nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ó ti di 4.1! Wọn ò kúkú pa irọ́ o, òdiwọ̀n tí wọ́n ń lò lókè òkun náà ni, àti pé níbi tí ò ti sí ẹni tó ń fún aláìníṣẹ́ lówó oúnjẹ, ta ló fẹ́ jókòó sílé? Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà ló ní ìdá 92.6 nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ló wà nídìí iṣẹ́ tí ò ní ìwé, tí ò ní pẹ́ńṣàn. Èmi ò sọ pé a ò ríṣẹ́ ṣe, owó ibẹ̀ ni mò ń bi yín.

Ibo lowó ọ̀hún wá ń gbà lọ? May 2023 ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, nígbà tó fi di October 2024 lítà kan ti kọjá 1,000 naira níbi púpọ̀. Ẹni tó bá ní òun á fi jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀, iná Band A, ti àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, ti kúrò ní 68 naira, ó di 225 fún yúnìtì kan ní April 2024. Oníbàárà náà ńkọ́? Òṣìṣẹ́ ìjọba Ogun tí owó ẹ̀ kéré jù ń gba 77,000 báyìí, ó sì jọ pé ó pọ̀ ju 30,000 ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ tó bá ra ìrẹsì àti gààrí tán, aṣọ èṣí ni yóò tún wọ̀.

Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn tí wọ́n bá ń pín máṣíìnì ìránṣọ níwájú kámẹ́rà. Ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, máṣíìnì ẹmpáwámẹ́ǹtì wà níbẹ̀ tí ọ̀rá ò tíì kúrò lára ẹ̀. Ká fa iná tó dúró ṣinṣin sí òpópónà kan táwọn oníṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ sí, ó yá mi lára ju ọgọ́rùn-ún máṣíìnì lọ. Ká yá owó ní báǹkì ńkọ́? Central Bank gbé èlé tiẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní November 2024, báǹkì á tún lé tiẹ̀ lórí, èrè wo ni télọ̀ fẹ́ jẹ tó máa fi san án? Èsúsú ló kù.

Arákùnrin kan dìde, ó ní òun kì í ṣe télọ̀, ilé iṣẹ́ kan lápá Ṣàgámù lòun wà, kọ́ńtírátọ̀ ló ń sanwó fóun lójoojúmọ́, ó ti ju ọdún méjì lọ. Mo ní òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà sọ pé kó tó pé oṣù mẹ́ta tóo bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá gbọ́dọ̀ ti fún ẹ ní ìwé tó kọ irú iṣẹ́ àti owó ẹ sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Sà, tí mo bá béèrè, wọ́n á ní kí n má wá mọ́ lọ́la." Mo ní òótọ́ ni, ìwọ nìkan kọ́ ló yẹ kó béèrè, ẹ kọ lẹ́tà, kí gbogbo ṣífíìtì fọwọ́ sí i. Ó ní kọ́ńtírátọ̀ àwọn ò tiẹ̀ ní ọ́fíìsì. Mo ní ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ní géètì, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé lẹ́tà lọ, kẹ́ ẹ mú ẹ̀dà ẹ̀ dání.